Nígbà tí Àníyàn Bá Lé Oorun Lọ: Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Ìlera àti fún Ẹni tí Kò Rí Oorun Sùn

Bí ènìyàn kò bá rí oorun sùn lóru àná, ó máa ń tètè dùbúlẹ̀ lálẹ́ òní. Ó máa ń sùn díẹ̀ lọ́sàn-án láti fi dípò èyí tí ó sọnù. Ó máa ń jẹ obì kí oorun lè dá lójú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹ̀rù á máa bà á láti sún mọ́ ibùsùn rẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tí ó ń dúró dè é níbẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tí ó ti rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n ń sọ àìsùn ọjọ́ mẹ́ta di àìsùn oṣù mẹ́ta.

A kọ ìwé yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, fún àwọn apoògùn, àti fún àwọn tí ọ̀ràn náà ń bá fínra ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ó dá lé lórí ni àìróorunsùn tí àníyàn àti másùnmáwo ń fà. Ìdààmú ni ó sábà máa ń lé oorun lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe láti fi ipá fa oorun padà ni kì í jẹ́ kí ó padà. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nídìí páálí oògùn.

Kí ni à ń pè ní àìróorunsùn?

Kò sí ẹni tí oorun kì í kọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan tàbí òmíràn. Ọmọ ń ṣàìsàn, ìdánwò ku ọ̀la, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èyí kì í ṣe àrùn, yóò sì padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ bí a kò bá dà á rú. Àìróorunsùn ni pé kí àyè oorun wà, kí ènìyàn dùbúlẹ̀ kí oorun má wá. Tàbí kí ó jí lọ́gànjọ́ kí ó má lè sùn mọ́. Tàbí kí ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá. Kí ọjọ́ kejì sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ó kéré tán òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé mọ́jú, tàbí obìnrin tí ó ń jí láago mẹ́ta òru láti lọ din àkàrà, kò ní àìróorunsùn. Àyè ni kò ní.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán, ṣùgbọ́n ara kò dọ́gba. Kí òṣìṣẹ́ ìlera má ṣe fi iye yìí dẹ́rù ba aláìsàn, nítorí ẹni tí ó bá ń ka wákàtí lóru bí ẹni ń ka owó kò ní sùn.

Aláìsàn kì í sábà wọlé kí ó ní àníyàn ni kò jẹ́ kí òun sùn. Ara rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. Yóò ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú agbárí òun, àyà òun ń já, gbogbo ara ń ro òun. Ní ọdún 1960, dókítà ọpọlọ kan, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, Raymond Prince, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná àti pé ohun tí wọ́n ń kà kò wọlé mọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò ní ilé ìwòsàn wa. Àwọn mìíràn á ní ibà ni, wọn á sì ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dé. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí ibà níbẹ̀, ẹ má ṣe tọ́jú ibà. Ẹ béèrè bí ẹni náà ṣe ń sùn, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Bí àníyàn ṣe ń ṣe é

Ohun mẹ́ta ni ó ń gbé oorun wá. Èkíní ni ebi oorun. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni ebi yìí ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, bí ebi oúnjẹ ṣe ń pọ̀ nínú ikùn. Ẹni tí ó bá ń jẹ ìpanu káàkiri ọ̀sán kì í gbádùn oúnjẹ alẹ́. Ìpanu oorun sì ni oorun ọ̀sán wákàtí méjì. Èkejì ni aago inú ara, tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ àti àkókò tí a ń jí ń tọ́ sọ́nà. Ẹ̀kẹta ni ìfọ̀kànbalẹ̀: ara gbọ́dọ̀ gbà pé kò sí ewu nítòsí.

Ibi ẹ̀kẹta yìí ni àníyàn ń gbà wọlé. Bí ọkàn bá rí ewu, ara á tú àwọn èròjà bí adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀; àyà á máa lù, iṣan á le, etí á máa ṣọ́ ìró tí ó kéré jù lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀ bí olè bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti owó ilé tí a kò tíì san. Kò yani lẹ́nu pé “má sùn” wà nínú másùnmáwo, orúkọ tí èdè wa fún ipò yìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan mìíràn á kún un. Ọpọlọ á ti kọ́ pé ibi ìyà ni ibùsùn. Ẹni náà á máa tòògbé lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n bí orí rẹ̀ bá ti kan ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ á là kedere. Nígbà náà, bí a tilẹ̀ san gbogbo owó ilé náà, oorun lè má padà, nítorí ẹ̀kọ́ tí ọpọlọ ti kọ́ ni a kò tíì tú.

Obìnrin kan ní ọjà aṣọ

Àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀ lé èyí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Inú ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń gbọ́ ni a ti ṣà á jọ. Obìnrin ẹni ọdún 50 kan ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari ní Kano. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí iye náírà ti já wálẹ̀, ọjà tí ó gbà láwìn ti wọ́n ju iye tí ó lè tà á lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ bi í léèrè.

“Ìyá, láago mélòó ni ẹ máa ń dùbúlẹ̀?”

“Bí mo bá ti kírun alẹ́ tán ni, aago mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ kí oorun bá mi nílẹ̀.”

“Ṣé ó máa ń bá yín nílẹ̀?”

“Rárá o, nọ́ọ̀sì. Gbèsè ló máa ń bá mi nílẹ̀. Mo máa kà á tán, mo máa wo fóònù bóyá ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Aago kan. Mo tún máa kà á.”

“Kí ni ẹ ti lò sí i, mà?”

“Ọmọ tó ń ta oògùn nítòsí wa fún mi ní hóró kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Ní báyìí méjì ni mò ń lò lálẹ́, kò tún ṣiṣẹ́ mọ́. Bí mi ò bá sì lò ó, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.”

Diazepam ni hóró náà. Nọ́ọ̀sì kò ní kí ó dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kò kọ òmíràn fún un pẹ̀lú. Ìwé kan ni ó fún un, kí ó máa fa ìlà sí i láràárọ̀, ìlà kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá rò pé òun sùn, láìwo aago lóru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé náà fi hàn pé wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ ni ó ń lò lórí ibùsùn, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ péré ni ó sì ń sùn. Wákàtí mẹ́ta tí ó kù, gbèsè ni ó fi ń kà.

Wọ́n dín àkókò ibùsùn rẹ̀ kù sí wákàtí mẹ́fà: láti aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ di aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí ó ti máa ń dìde kírun Súbúhì tẹ́lẹ̀. Àkókò jíjí yìí ni kò gbọdọ̀ yẹ̀, ì báà jẹ́ pé wákàtí méjì péré ni ó sùn mọ́jú. Kò sí oorun ọ̀sán. Ó dà bí ìyà fún ẹni tí ó ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ète rẹ̀ ni kí ebi oorun pọ̀ débi tí yóò fi borí àníyàn, kí ọpọlọ sì tún kọ́ pé ibi oorun ni ibùsùn. Bí oorun bá gba ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò orí ibùsùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, a ó fi ìṣẹ́jú 15 kún un, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa ṣe títí yóò fi tó ẹni náà. A kì í dín in kù kọjá wákàtí márùn-ún. Ẹni tí ó ní wárápá, ẹni tí orí rẹ̀ ti gbóná rí tí inú rẹ̀ ń dùn ré kọjá ààlà, aboyún, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ṣe é láìsí ìmọ̀ràn dókítà.

Gbèsè ńkọ́? Nọ́ọ̀sì kò lè san án. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá àkókò mìíràn fún un. Lójoojúmọ́, kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á fi 20 ìṣẹ́jú jókòó ti ìwé gbèsè rẹ̀, á sì pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó lè ṣe nǹkan sí lọ́la, àti èyí tí kò sí ohun tí ó lè ṣe sí. Ti àkọ́kọ́, á kọ ohun kan tí yóò ṣe: kí ó bá oníṣòwò tí ó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí èrò náà bá tún dé lóru, ìdáhùn ni pé àkókò rẹ̀ ti kọjá, kí ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ẹni tí kò mọ̀wé lè sọ tirẹ̀ fún ẹnì kan tí ó fọkàn tán. Ní oṣù kejì ó ń sùn wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbèsè náà wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìlànà tí nọ́ọ̀sì yìí tẹ̀ lé ni àwọn dókítà ń pè ní CBT-I. Òun ni àwọn ìtọ́sọ́nà ìṣègùn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti wọ̀ lára, ṣáájú oògùn èyíkéyìí.

Bí yàrá bá jẹ́ ẹyọ kan

Àwọn ìwé ìlera sábà máa ń sọ pé bí oorun kò bá wá láàárín bí 20 ìṣẹ́jú, kí ènìyàn dìde, kí ó lọ sí yàrá mìíràn. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní yàrá mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wa ń gbé nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ibùsùn kan náà sì ni àga, tábìlì oúnjẹ àti ibi ìṣirò owó. Ohun tí ìlànà náà fẹ́ kò ju pé kí a ya oorun sọ́tọ̀ kúrò lára ìrònú lọ. Ẹ ká ẹní nílẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ tẹ́ aṣọ mìíràn lé e, kí ẹ sì ká a kúrò bí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kan sí kọ̀rọ̀. Bí oorun bá kọ̀, ẹ jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ẹ máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí mímí jáde gùn ju mímí sínú lọ, títí ojú yóò fi wúwo. Fóònù kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́.

Ooru àti ariwo jẹnẹrétọ kò sí ní ìkáwọ́ aláìsàn. Iná mànàmáná tí ó bá dé láago méjì òru tún wà, tí gbogbo ilé á fò dìde láti lọ aṣọ àti láti fa omi. Ẹ pa gbogbo gílóòbù kí ẹ tó sùn. Àpò ẹ̀fọn kò ṣeé yọ nítorí ooru. Ìwẹ̀ omi tútù kí a tó dùbúlẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti tutù.

Obì, ataya àti ọtí

Kaféènì wà nínú obì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú kọfí, ó sì wà nínú tíì ewé tútù tí wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Senegal, Mali àti Gambia, tí wọ́n ń pè ní ataya, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó mu títí alẹ́ fi lẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféènì náà ṣì wà nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ẹni tí kò rí oorun sùn má jẹ ẹ́, kí ó má sì mu ún lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Ó tún yẹ kí apoògùn mọ̀ pé kaféènì wà nínú àwọn oògùn orí fífọ́ kan, àti pé prednisolone tàbí oògùn tí ń mú ni tọ̀, bí a bá lò ó lálẹ́, lè fa àìsùn. Òwúrọ̀ ni kí a lò wọ́n. Ọtí a máa mú oorun tètè wá, a sì máa já a sí wẹ́wẹ́ ní ìdajì òru.

Oògùn oorun

Diazepam, bromazepam àti àwọn ẹbí wọn ń mú oorun wá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Irọ́ ni ẹni tí ó bá ní wọn kì í ṣe é ń pa. Ìṣòro wọn ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara á ti mọ̀ wọ́n lára, iye tí ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní tó mọ́, bí a bá sì dá wọn dúró lójijì, àìsùn á padà pẹ̀lú agbára, ọwọ́ á máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú ẹni náà. Àgbàlagbà tí ó lò ó lè ṣubú lóru kí egungun ìtan rẹ̀ ṣẹ́. Bí a bá pa á pọ̀ mọ́ ọtí, tramadol tàbí kodéìnì, èémí lè dúró. Nàìjíríà ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi oníkodéìnì wọlé láti ọdún 2018, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tíì kó irú oògùn wọ̀nyí kúrò ní ìgboro.

Ní ọdún 2013, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lórí àwọn àìlera tí másùnmáwo ń fà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má ṣe fún àgbàlagbà ní irú oògùn yìí nítorí àìsùn ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ìpayà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ibi gbogbo tí ogun ti lé ènìyàn kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Borno láti ọdún 2009. Ẹni tí ó sá àsálà tí kò sì lè sùn ní ọ̀sẹ̀ kejì kò ya wèrè. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, oúnjẹ, ìròyìn àwọn ará ilé rẹ̀ àti ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ nílò.

Ẹni tí ó ti ń lo oògùn oorun fún oṣù púpọ̀ kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lábẹ́ ojú dókítà, a ó máa dín in kù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí èyí tí a ń yọ má ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, a ó sì tún rọra ṣe é ní ìparí. Bí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin apoògùn, ìbéèrè kan láti ẹnu yín, “Láti ìgbà wo ni ẹ ti ń lo èyí?”, lè ṣe ju ohun tí ilé ìwòsàn máa ṣe lọ, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Nígbà tí ó bá ju àìsùn lọ

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ọ̀tá ni ó ń já oorun mọ́ àwọn lójú. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àdúrà kò ba ìtọ́jú yìí jẹ́, bí kò bá ṣe pé ìṣọ́ òru lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń da àkókò jíjí rú, tàbí pé wọ́n ń febi pa aláìsàn tàbí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, nílò àyẹ̀wò mìíràn. Ẹni tí kò sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ó sì ń ná owó bí ẹlẹ́dàá, ẹ tètè fi í ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ. Bákan náà ni ìyá ọmọ tuntun tí kò lè sùn, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ń sùn.

Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ń dùn mọ́ ẹni náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ béèrè ní tààrà bóyá ó ti ń ro àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í gbìn ín sí ènìyàn lọ́kàn. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni náà lè mí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn oorun àti oògùn apakòkòrò oko kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Òfin ìlera ọpọlọ tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní wèrè, fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú.

Fún àwọn yòókù, ẹ dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò le ju bí wọ́n ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí a kò bá sọ èyí fún yóò padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí ń ta oògùn ní ọjọ́ kẹrin. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pè é lórí fóònù ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ bi í pé aago mélòó ni ó dìde lówùúrọ̀ yẹn.